ÀWỌN ÌTÀN TÓ WÀ LÓRÍ ÒKÈ ÌDÀNRÈ

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan wà tí ẹ sábà máa ń bi wá bí ọ̀rọ̀ òkè Ìdànrè bá délẹ̀: ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀? Èsì tèmi ni pé ìtàn orí òkè náà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Òmíràn wà tí ojú rí, òmíràn wà tí ẹnu ń gbà sọ, òmíràn sì wà tó lè ṣe ènìyàn ní jàm̀bá bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ojú rí. Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, kò tó 30 kìlómítà. Ìlú tí a mọ̀ lónìí, Òdòde àti Aládé, ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n wà. Orí òkè gan-an ni ìlú àtijọ́ wà. Ùfẹ̀kè ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ifẹ̀ kékeré, torí pé láti Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n rí àwọn àpáta yẹn, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ní, “Idán rè é!” Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni ènìyàn máa gùn kó tó débẹ̀ (àwọn ọ̀dọ́ máa ń sáré gun ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ni eré wọn máa ń parí sí).

Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè. Ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní 1896 náà wà níbẹ̀. Kí ló gbé ènìyàn lọ sókè tó báyẹn? Ààbò ni. Láyé ogun àti ìkónilẹ́rú, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jà ní láti kọ́kọ́ gun àpáta. Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró, tí kòkó àti mọ́tò dé, ẹrù rírù gun òkè wá di ìyà lásán. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1920 ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí dáadáa, torí kò sí idán nínú rẹ̀, àwọn afinimọ̀nà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé e lórí.

Ẹ wá gbọ́ ti Agbógun. Ipa ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta, wọ́n ní ti ọdẹ ńlá kan tó ń jẹ́ Agbógun ni. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ì báà jẹ́ ti ọmọdé, ì báà jẹ́ ti géńdé, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Àwọn èrò á bọ́ bàtà, wọ́n á dán an wò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya fọ́tò. Bó bá mọ ní ẹ̀rín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ná: bí ìyá arúgbó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, tàbí tí làkúrègbé ti ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, bá gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀ tí kò bá a mu, kí ni àwọn tó dúró tì í yóò sọ? A mọ ohun tí ojú àwọn ìyá àgbà ti rí ní ilẹ̀ yìí látàrí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ọmọnìkejì rẹ̀ ló ni kó mú ẹ̀rí wá. Òkúta kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Orí òkè yìí kan náà kúkú ni ilé ẹjọ́ wà. Àwọn ará Ùfẹ̀kè fúnra wọn mọ̀ pé ẹnu la fi ń rojọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Èyí tó tún kan àwa Mùsùlùmí ni ti ọkọ̀ Ànábì Nûhu. Àwọn kan ń sọ pé orí òkè Ìdànrè ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí lẹ́yìn ìkún omi. Kí á má bá wọn jà, kí á má sì gbà á. Kùránì Alápọ̀nlé ti dárúkọ òkè náà fún wa nínú Sûrat Hûd, áyà 44: Júdíyì ló ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbé e sí gúúsù ìlà-oòrùn Tọ́kì, nítòsí Ìráàkì. Ìfẹ́ ìlú ẹni dára, àmọ́ kò tó kí á lọ gbé òkè olókè wá.

Bó bá jẹ́ ìyanu ni ẹ ń wá, àpáta náà fúnra rẹ̀ tó. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé ó ti tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún tí òkúta yìí ti dì nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ni òjò ń gbá lọ díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi yọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ní 1963 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn 1970 wọn kò rí i mọ́, àfi ìgbà tó di 2013 tó tún fara hàn. Ara àpáta tí omi ń sẹ̀ lé lórí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi dàgbà. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé tó ti gun òkè náà: gbogbo wọn ló mọ Agbógun, kò sí ìkankan tó gbọ́ nípa ọ̀pọ̀lọ́ yìí rí.

Ti ọdún Orósùn àti àwọn ojúbọ tó wà lókè, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ni ín ló ń ṣe é. A kì í bá wọn ṣe é, a kì í sì í ba nǹkan wọn jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ wo ààfin àti ilé ìwé kò tíì bọ òrìṣà.

Ní 2007 ni wọ́n fi orúkọ òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń retí kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn, òjò kì í sì í dúró de UNESCO. Àwọn tí wọ́n bí sórí òkè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà, wọ́n sì ti darúgbó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ní Òdòde tàbí Aládé mú bíírò àti ìwé lọ jókòó tì wọ́n, kó bi wọ́n: ta ló ń pọn omi, ibo ni wọ́n ti ń ná ọjà, kí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀, kí ni wọ́n sì fi sílẹ̀ lókè?