Ìwó, Lẹ́tà Mélòó? Ọ̀rọ̀ Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá kọ́ ABD dáadáa mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta ni ó wà nínú orúkọ ìlú Ìwó. Bí a bá bi kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè kan náà, ó lè dáhùn pé mẹ́ta ni, ó sì lè dáhùn pé márùn-ún ni. Ohun tí ó fa èyí ni mo fẹ́ là yé ẹ̀yin olùgbọ́ mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

Èdè tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Python, èyí tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. Ohun tí àwọn tó ń fi irú èdè bẹ́ẹ̀ kọ ètò ń pè ní string kò ju àmì tí a tò tẹ̀ léra wọn lọ, bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀. Okùn ọ̀rọ̀ ni n ó máa pè é. Láti dá a sílẹ̀ kò le: a ó kọ ọ̀rọ̀ náà sáàárín àmì àyọlò, a ó sì fún un lórúkọ, báyìí: ilu = "Ìwó". Bí a bá kọ len(ilu), Python yóò ka ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí okùn. Bí a bá fi àmì ìròpọ̀ sáàárín okùn méjì, wọn yóò di ọ̀kan. Okùn tí a ti sín kò ṣeé tú; bí a bá fẹ́ pa lẹ́tà kan dà, okùn tuntun ni a ó sín.

Nọ́ńbà ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwó ilé odídẹrẹ́ ni a wà yìí. Odídẹrẹ́ a máa pe ohun tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan, nọ́ńbà nìkan ni ó ń rí. Àtẹ nọ́ńbà ti 1963, ASCII, kò ní ju ààyè 128 lọ, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, fi ààyè gbà wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó là sílẹ̀. Ì ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù kan ń kọ ọ́. A sì lè kọ I ná, kí a fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e bí ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ó. Ìdí nìyí tí Ìwó fi ń jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, tí ojú kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Orúkọ ìpínlẹ̀ wa le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni Ọ̀ṣun lójú wa. Nínú Unicode, Ọ ní ààyè tirẹ̀, torí pé èdè Vietnam náà ń lò ó. Ṣ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ààyè kan ṣoṣo fún Ọ tí ó ru àmì ohùn. Nítorí náà ó kéré tán márùn-ún ni, ó pọ̀ jù méje. Bí a bá ní kí Python ka okùn náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, àmì ohùn lè bọ́ sórí ṣ. Ta ni ó ti gbọ́ ohùn lórí ṣ rí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ewu. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń kó ewì àbáláyé jọ, tí ẹnì kìíní kọ Ọ̀ṣun ní ọ̀nà márùn-ún, tí ẹnì kejì kọ ọ́ ní ọ̀nà méje. Bí a bá wá ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ ẹnì kan ni yóò jáde. Ti ẹnì kejì yóò wà níbẹ̀ bí ohun tí kò sí. Kọ̀ǹpútà kò ní ṣe iyèméjì. Olùwádìí yóò kọ iye tí ó rí sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, a ó sì gbà á gbọ́. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn nínú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ńkọ́?

Àtúnṣe wà. Python ní iṣẹ́ kan, normalize, nínú unicodedata. Bí a bá fún un ní "NFC", yóò dì í pọ̀ débi tí ó ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ "NFD", yóò tú gbogbo rẹ̀ ká. Èyí tó wù kí a yàn, kí ó ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ìwé. Fún iṣẹ́ ewì, NFD ni èmi fẹ́ràn, nítorí pé àmì ohùn á dá dúró, a ó sì lè kà wọ́n. Àmọ́ kò mọ̀ pé lẹ́tà kan ni gb: mẹ́fà ni gbogbo lójú rẹ̀, mẹ́rin ni lójú tiwa.

Àwọn kan a máa bọ́ gbogbo àmì kúrò kí wàhálà lè tán. N kò fara mọ́ ọn. Ìwo tó wà lórí màlúù, ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, àti Ìwó ìlú yóò di ọ̀kan.

Ohun tí normalize kò lè tún ṣe ni àkọtọ́ àtijọ́. Ìwé tí a tẹ̀ kí àkọtọ́ 1974 tó dé lè kọ enia níbi tí a ń kọ ènìyàn báyìí. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Thomas Jefferson Bowen, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tó wà ní Ìwó, gbé jáde ní 1858 tún yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, okùn méjì ni mo fẹ́ kí a máa sín: ọ̀kan bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́ gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn, àti èkejì ní àkọtọ́ òde òní, tí a ó máa wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.