Ìdí Tí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Inú Fóònù Rẹ Fi Ń Já Bọ́

Ẹjọ́ mẹ́ta ni àwọn ọ̀dọ́ Awoyaya, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, sábà máa ń rò mọ́ àwọn géèmù rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀. Èkíní ni pé wọ́n le jù. Èèyàn á to rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, táǹkì lórí táǹkì, á taná sí i, yóò gbéra, ojú ọ̀run á di dúdú, epo á tán, rọ́kẹ́ẹ̀tì á sì padà wálẹ̀ gbì. Èkejì ni pé ayé inú géèmù kéré, pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀kẹta ló ń bí wọn nínú jù: ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn yóò kàn ṣàdédé máa gbọ̀n, yóò sì fọ́n ká. Lójú tèmi, ẹjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn tọ́ dé ààyè kan, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò tọ́ rárá, nítorí ibi tí wọ́n ti ń pè é ní ìkà gan-an ló ti ń sọ òótọ́.

Géèmù tó gbajúmọ̀ lórí fóònù nínú irú èyí ni Spaceflight Simulator, tí Stef Moroyna ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni Kerbal Space Program, tí Felipe Falanghe bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Squad ní Mẹ́síkò, tí ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2011, tí wọ́n sì kéde pé ó ti pé ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ọ̀kan tún wà, Universe Sandbox, tí Dan Dixon dá sílẹ̀. Ìyẹn kò bá rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe tó bẹ́ẹ̀: oòrùn, òṣùpá àti ayé fúnra wọn lo máa fi ṣeré, o lè sọ òṣùpá lu ayé kí o wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Orúkọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ló ń lọ nínú gbogbo wọn.

Iṣẹ́ náà rèé. Fóònù kò mọ ohun tó ń jẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ló mọ̀: ibi tí ọkọ̀ wà, bó ṣe ń sáré sí, ibi tó kọjú sí, bó ṣe wúwo tó, àti epo tó kù. Yóò wá bi ara rẹ̀ pé, kí ni gbogbo ohun tó ń fa ọkọ̀ yìí tàbí tó ń tì í lásìkò yìí? Òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń tì í, afẹ́fẹ́ ń dí i lọ́wọ́ tí kò bá tíì ga tó. Ó ṣírò wọn pọ̀, ó pín in pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀, ó fi ìdáhùn rẹ̀ tún ìyára ọkọ̀ ṣe, ó sì fi ìyára tuntun yẹn sún ọkọ̀ sí ààyè tuntun. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Unity ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ Kerbal Space Program, bí wọ́n bá sì fi Unity sílẹ̀ bó ṣe wà, ìgbà 50 ni yóò ṣe ìṣirò yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú iṣẹ́ àìdáwọ́dúró bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí fóònù gbóná mọ́ni lọ́wọ́ kí bátìrì sì máa sáré tán, ohun tí ń dun ẹni tó bá mọ̀ pé iná lè má dé títí di ọjọ́ kejì.

Òfin tó fi ń ṣírò òòfà náà kò ju ìlà kan lọ. Newton ló gbé e jáde ní ọdún 1687: ohun méjì ń fa ara wọn, bí ìwúwo wọn bá ṣe pọ̀ tó ni òòfà náà ṣe ń le tó, tí àlàfo àárín wọn bá sì di ìlọ́po méjì, òòfà yóò kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sí ibì kankan nínú géèmù tí ẹnikẹ́ni ti kọ ọ́ pé "rọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ já bọ́." Òfin yìí nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó já bọ́ nítorí pé bí ìṣirò ṣe jáde nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá yanjú ẹjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà lọ́kàn ni pé òkè ni òòfà ilẹ̀ ti ń tán, pé téèyàn bá ti lè ga tó, yóò léfòó síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdó ńlá tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ń gbé lókè, tó ga tó nǹkan bíi 400 kìlómítà, bí òòfà ilẹ̀ níhìn-ín bá jẹ́ 100, èyí tó wà lọ́hùn-ún ṣì tó 88. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ òòfà. Wọ́n ń já bọ́ lọ́sàn-án àti lóru.

Kí ló dé tí wọn kò fi kanlẹ̀? Dúró sí etí òkun Átíláńtíìkì, ní gúúsù Awoyaya, kí o sọ òkúta síwájú. Yóò tẹ̀ wálẹ̀, yóò bọ́ sínú omi. Sọ ọ́ líle sí i, yóò jìnnà sí i kó tó bọ́. Ohunkóhun tó bá ń já bọ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ tó mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ìbáà yára síwájú ìbáà má yára. Ṣùgbọ́n ayé rí róbótó: bí o bá rìn ní ìlà tó gún gbọọrọ fún kìlómítà mẹ́jọ, ilẹ̀ yóò ti tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ tó mítà márùn-ún náà. Nítorí náà, bí o bá lè sọ òkúta yẹn kó rin kìlómítà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí afẹ́fẹ́ kò sì dí i lọ́nà, bó ṣe ń já bọ́ ni ilẹ̀ náà ń yẹ̀ fún un. Yóò máa já bọ́ títí láé, kò sì ní kanlẹ̀. Òun là ń pè ní yíyí ayé po. Ìyára tí ó ń fẹ́ ní nǹkan bíi 200 kìlómítà sókè jẹ́ kìlómítà 7.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀ kò ní lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láti Awoyaya dé Ajah, ọ̀nà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè fi jẹ gbogbo àárọ̀ èèyàn.

Àṣìṣe tó wà nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀dọ́ wa nìyẹn. Òkè nìkan ni wọ́n dojú kọ. Ẹni tó mọ géèmù náà kò ní jẹ́ kó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ imú rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́, ìlà-oòrùn ni yóò sì tẹ̀ ẹ́ sí bó bá ń fo láti ayé tòótọ́, nítorí pé ayé fúnra rẹ̀ ń yí lọ sí apá ibẹ̀. Àwa tí a wà ní Awoyaya, tí a súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, ń gba ẹ̀bùn tó tó mítà 460 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìnáwó láìnára. Mo gbà pé ìwé físíìsì kò lè jẹ́ kí èyí yé ọmọ ọdún 15 bí ìjákulẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ṣe lè jẹ́ kó yé e.

Ohun kan tún wà nínú géèmù náà tó máa ń da orí àwọn tó ti mòye rú. Ọkọ̀ rẹ ń yí ayé po, ọkọ̀ mìíràn sì wà níwájú lójú ọ̀nà kan náà. O fẹ́ bá a. O tẹ ẹ́ńjìnnì sí i, o sì rí i pé ńṣe lò ń jìnnà sí i. Àwọn kan á sọ pé géèmù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí James McDivitt, arìnrìn-àjò òfurufú, nìyẹn nínú ọkọ̀ Gemini 4 ní oṣù kẹfà ọdún 1965, nígbà tó ń gbìyànjú láti sún mọ́ àjákù rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ọkọ̀ náà sókè. Ó lo epo títí wọ́n fi ní kó jáwọ́. Bí o bá fi kún ìyára, ọ̀nà tí o fi ń yí ayé po yóò ga sí i, yóò gùn sí i, ìwọ náà yóò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹni iwájú gbọ́dọ̀ dín ìyára kù, kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó gba ọ̀nà kúkúrú ìsàlẹ̀, kó tó tún gòkè. Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn géèmù wọ̀nyí nítorí èyí ju ohunkóhun lọ.

Tí o bá fẹ́ rí ẹ̀rí gbogbo èyí láìfọwọ́ kan fóònù, gbójú sókè wo díìṣì DStv tó wà lórí òrùlé àdúgbò. Gbogbo wọn ló kọjú sí apá ìlà-oòrùn, apá Epe, tí wọ́n gbójú sókè díẹ̀. Sátẹ́láìtì tí wọ́n ń wò ga tó 35,786 kìlómítà. Ní gíga yẹn, òòfà ti dínkù débi pé kìlómítà mẹ́ta ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó, wákàtí tí ó sì fi ń yí ayé po bá wákàtí tí ayé fi ń yí ara rẹ̀ mu. Bó ṣe dúró sójú kan lójú wa nìyẹn, tí kò fi yẹ kí díìṣì máa yíjú káàkiri. Èkó ti mọ sátẹ́láìtì tó ga tó bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà bá Olórí Ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti ara Syncom 2, ọkọ̀ ojú omi Kingsport tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó ló sì ń gba ohùn náà wọlé.

Ẹjọ́ kejì, pé ayé géèmù kéré, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìdá kan nínú ogún ni ayé Spaceflight Simulator jẹ́ sí tiwa bí o bá ń ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tò ó. Òòfà orí ilẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n nítorí pé ó kéré, nǹkan bíi mítà 1,750 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti yí i po. Ti Kerbal náà kéré, kìlómítà 600 péré ni láti àárín rẹ̀ dé ojú ilẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà sú èèyàn, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré sì lè dé òkè. N kò bá wọn jà, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe é mọ̀. Ní ayé tòótọ́, epo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé epo tí yóò gbé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé epo tí a ó lò lẹ́yìn rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Kosmos-3M tó gbé sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 wa láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 wúwo ju 100 tọ́ọ̀nù lọ nígbà tó ń gbéra. NigeriaSat-1 fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 100 kìlógíráàmù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun nìkan ló wọ ọkọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, ẹ̀bi ẹ̀rọ ni, àwọn tó ń fi Kerbal ṣeré sì fún un ní orúkọ ẹranko abàmì, Kraken. Nọ́ńbà tí irú géèmù yìí sábà máa ń lò kò lè rántí ju nǹkan bíi díjíìtì méje lọ. Bí ọkọ̀ bá wà ní 600 kìlómítà sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, ohun tó kéré jù tí ó lè fi sún un ti tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Bó bá wọ bílíọ̀nù mítà mẹ́wàá, ó ti ju kìlómítà kan lọ. Bí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tírélà yanrìn ni: fi ata kan kún un, kò ní mọ̀. Kọ̀ǹpútà wá ń rò pé táǹkì ti kúrò lára ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó fagbára fà á padà, ó fà á jù, gbogbo rẹ̀ sì tú ká. Ọgbọ́n tí àwọn òǹkọ̀wé géèmù dá sí i dára púpọ̀: wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró sójú kan, kí gbogbo àgbáyé máa rìn kọjá lára rẹ̀, kí ìwọ̀n lè máa bẹ̀rẹ̀ láti ara ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ó dín Kraken kù, kò pa á tán.

Nígbà tí o bá mú kí àkókò inú géèmù sáré, tí oṣù kan ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìṣirò 50 yẹn mọ́. Òfin Kepler, ti ọdún 1609, ló ń lò láti mọ ibi tí ọkọ̀ yóò wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí o kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì.

Ohun kan wà tí àwọn géèmù yìí kò fi hàn wá tó. Lọ́dọ̀ wọn, tí o bá ti kọjá ìlà kan, kò sí afẹ́fẹ́ mọ́, sátẹ́láìtì rẹ yóò sì wà níbẹ̀ títí ayé. NigeriaEduSat-1, tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ Àkúrẹ́ ní, tí gbogbo ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ni wọ́n tú sílẹ̀ láti ibùdó òfurufú ní oṣù keje ọdún 2017. Afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù lókè yẹn ti fà á wálẹ̀ kí ọdún 2019 tó parí. Kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ló ń pa sátẹ́láìtì: NigComSat-1, tí wọ́n gbé sókè láti Ṣáínà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ipa àyípo rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Agbára iná rẹ̀ tó bàjẹ́ ló pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, Ṣáínà sì fi NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2011.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì tó wà ní Awoyaya, Eputu àti Lakowe, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí. Ẹ ní kí wọ́n pa epo àìlópin inú géèmù náà, kí wọ́n kọ ìyára àti gíga rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì bá wọn ṣírò rẹ̀ lójú pátákó.