Bí Land Rover Àtijọ́ Bá Ń Kú Ní Ìdúró

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ń fi Land Rover àtijọ́ kó ẹrù oko ni ó mọ ìyọnu yìí: bí wọ́n bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ́ńjìnnì a gbọ̀n, a sì kú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lórí òkè, tí ọkọ̀ sì kún fún ẹrù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o!

Àwọn mẹkáníìkì kan a yí síkúrù tọ́tù kí ẹ́ńjìnnì lè máa ké kíkan. Èmi kò fara mọ́ ọn. Epo ni yóò máa jó lásán, àrùn náà yóò sì wà níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ìdí kabúrétọ̀; bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Omi ni mo wí, kì í ṣe bẹntiróò, kí ọkọ̀ má baà gbiná!

Bí ibẹ̀ bá dára, ẹ tú kabúrétọ̀ Zenith tí ó wà lára ọ̀pọ̀ Series III, èyí tí wọ́n ṣe láti 1971 di 1985. Ìdérí rẹ̀ máa ń wọ́ nítorí ooru àti dídè líle, òrùka rọ́bà inú rẹ̀ a sì súnkì. Epo a wá máa yọ́ gba àárín wọn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ́ sáńpépà kíkúnná sórí dígí, kí ẹ ha ojú ìdérí náà lórí rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù epo: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ yóò fi dọ́gba.