Awakọ̀ Tí Ó Mutí: Níbo Ni A Ti Lè Rí Ìwé Ẹjọ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ikọ́ àwọn ọmọdé tí mo ṣèlérí yóò ní láti dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí ọ̀ràn kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn.

Ìyá kan ni ó wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì. Bọ́ọ̀sì akérò kan ni ó gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé òun àti awakọ̀ náà wá. Ọkùnrin náà kò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò lè gbé e gun àtẹ̀gùn mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bíríkìlà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wí fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni ó ní òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu dírẹ́bà yẹn. Nísinsìnyí wọ́n ní ẹjọ́ ti parí. Ta ni ó dá a? Kí ni wọ́n dá? Ṣé ìwé kan kò sí níbì kan ni?"

Mo ní ìwé wà. Ohun tí n kò mọ̀ dáadáa nígbà náà ni ọ̀nà tí a fi ń dé ìdí rẹ̀, ohun tí mo sì rí kọ́ nígbà tí mo bá a rìn ín ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n kí á tó dé kóòtù, ó yẹ kí á mọ ohun tí òfin ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀. Ọtí kì í dúró nínú ikùn bí iyán. Láti inú ikùn àti ìfun ni ó ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e dé ọpọlọ. Ènìyàn kò tíì ní máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ kò ti ní lè wọn bí ọkọ̀ iwájú ti jìnnà tó mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti máa pẹ́ kí ó tó dé orí bíréèkì. Nítorí èyí ni òfin kò fi dúró de ìgbà tí awakọ̀ bá ṣubú lulẹ̀. Ìwọ̀n tí òfin ìrìnnà Nàìjíríà fi lélẹ̀ ni mílígíráàmù 50 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, ìbá à ṣe pé ó ń rìn ṣánṣán.

Mélòó ni ènìyàn yóò mu kí ó tó dé ibẹ̀? Ẹ wo ìgò bíà ńlá kan, èyí tí ó gba sẹ́ńtílítà 60. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ọtí gan-an tí ó wà nínú rẹ̀ tó gíráàmù 24. Ìgò kan ṣoṣo yìí lè gbé ọkùnrin tí ó wọn kìlógíráàmù 70 dé ẹ̀bá ìwọ̀n náà, pàápàá bí kò bá tíì jẹun. Ti obìnrin tí ó wọn iye kan náà a máa ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ paraga ni ó ń bà mí nínú jẹ́ jù. Bí mo bá bi awakọ̀ léèrè bóyá ó mutí, yóò búra pé òun kì í fẹnu kan án. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àgbo lásán ni mo mu, jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ mí lẹ́nu." Egbò àti èèpo igi ni wọ́n rì sínú ògógóró, òun ni wọ́n ń pè ní àgbo. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ orúkọ tí a sọ ọtí. Ife kékeré kan tí a gbé mì ní gáréèjì ní aago márùn-ún ìdájí, kí èrò tó kún, ọtí ni. Bí ó ti le tó kò sì sí ẹni tí ó mọ̀, ìyá tí ń tà á pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan ní bí ènìyàn bá mu kọfí, tàbí ó wẹ omi tútù, tàbí ó jẹ ẹ̀bà lé e lórí, ojú rẹ̀ yóò dá. Ó lè mú oorun kúrò lójú rẹ̀, kò lè mú ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ̀dọ̀ kì í sì í kánjú: nǹkan bí mílígíráàmù 15 ni ó ń dín kù ní wákàtí kan. Ẹni tí ó fi ayẹyẹ sílẹ̀ ní òru pẹ̀lú 150 nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ sùn fún wákàtí márùn-ún, yóò gbé nǹkan bí 75 wọnú ọkọ̀ ní ìdájí. Ó ti kọjá òfin, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ó dára, a ti dé ibi òfin. Àwọn méjì ni ó lè mú awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a ń pè ní Ródù Séfútì, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, tí òfin rẹ̀ sì di àtúnṣe ní 2007. Èkejì ni ọlọ́pàá. Nínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ tí Àjọ náà ń kọ fún awakọ̀, 5,000 náírà ni wọ́n kọ síwájú ọ̀ràn wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú ọtí tàbí oògùn lójú. Owó náà kéré, mo sọ ọ́ láìfòyà. Bí ó bá di pé ẹnìkan fara pa tàbí ó kú, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ìwé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, iwájú adájọ́ ni ó ń lọ, pẹ̀lú ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ú lọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè ní òfin ìrìnnà tirẹ̀ pẹ̀lú, bí Èkó ti ní.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí awakọ̀ bá kàn san owó ìtanràn tí ó sì lọ, tàbí bí wọ́n bá fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ kò ní rí i ní kóòtù rárá. Kò sí ìwé ńlá kan ní orílẹ̀-èdè yìí tí ẹ lè ṣí kí orúkọ gbogbo awakọ̀ tí ó mutí jáde síta. Ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni a mú lọ ní ọjọ́ tí mo bá ìyá yìí jáde: orúkọ awakọ̀, nọ́ḿbà ọkọ̀, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, àti orúkọ àdúgbò náà. A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó ni agbègbè yẹn. Ọlọ́pàá tí ó wádìí ọ̀ràn náà ti ṣí lọ sí ibòmíràn, wọ́n ní kí á padà wá. A padà lọ nígbà mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá kan tí ó mọ ojú mi láti ìgbà tí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ ni ó ṣí ìwé, ó sì fún wa ní nọ́ḿbà ẹ̀sùn náà àti orúkọ kóòtù Májísíréètì tí wọ́n gbé e lọ. (Kò yẹ kí ènìyàn ní láti mọ nọ́ọ̀sì kí ó tó rí èyí gbà, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn.) Nọ́ḿbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀. Láìsí i, akọ̀wé kóòtù yóò máa tú fáìlì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣírí ni. Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé gbangba ni kí kóòtù ti máa gbọ́ ẹjọ́, ó sì fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, tàbí ẹni tí ó bá yàn, ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje tí ẹjọ́ parí. Ẹ̀yin awakọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀, ẹ lọ gba tiyín, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ óò nílò rẹ̀. Fún àwa yòókù, òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn wà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fèsì láàárín ọjọ́ méje, kò sì di dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí mú àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n lè fi ohun tí ó jẹ́ ti ara ẹni pamọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí a kà ní gbangba kì í ṣe irú rẹ̀.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni a kọ sí akọ̀wé àgbà kóòtù. A kọ nọ́ḿbà ẹ̀sùn sí i, a ní a ń béèrè fún ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù jẹ́rìí sí, tí ó sì lu òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, òun ni lọ́yà tàbí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò wò. Owó tí wọ́n gbà, a béèrè rìsíìtì rẹ̀, wọ́n sì fún wa.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà, nítorí náà ẹ mú ẹni tí ó lè kà á dání. Ẹ̀sùn nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí ẹ bá rí convicted, wọ́n ti dá a lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ acquitted, wọ́n dá a láre, kí ẹ má sì máa pè é ní ọ̀mùtí káàkiri. Bí ó bá jẹ́ struck out, wọ́n kàn mú ẹjọ́ kúrò lórí ìwé ni, bóyá ẹlẹ́rìí kò wá, wọ́n sì lè tún gbé e padà. Ohun tí ó ya ìyá náà lẹ́nu jù ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ọtí níbẹ̀ rárá. Ìwàkuwà ni ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí awakọ̀ náà lọ́rùn. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, ó san owó ìtanràn, wọn kò pe ẹlẹ́rìí kankan.

Kí ló dé tí ọtí kò sí níbẹ̀? Nítorí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n. Òórùn ẹnu kì í ṣe òṣùwọ̀n. Kí wọ́n ní kí awakọ̀ fọn èémí sínú ẹ̀rọ, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, kí ẹ̀dọ̀ tó gbé ẹ̀rí lọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń gba irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi sípíríìtì nu apá rẹ̀, ọtí ni sípíríìtì náà. Ẹ kọ aago sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún kan, kóòtù pè mí wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ mìíràn. Mo ti kọ ọ́ sínú káàdì pé òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, n kò kọ aago. Lọ́yà rẹ̀ bi mí bóyá kí ó tó wakọ̀ ni ó mu ún ni tàbí lẹ́yìn ìjàǹbá, nígbà tí àyà rẹ̀ já. N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní ni ojú ń tì mí.

Ìyá náà béèrè pé kí n fi káàdì awakọ̀ han òun. Mo kọ̀, ó sì bínú sí mi. Òfin ètò ìlera ti 2014 ní kí á pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́, àfi bí òun bá fọwọ́ sí i tàbí bí kóòtù bá pàṣẹ. Bí mo bá fi tirẹ̀ hàn lónìí, ti ọkọ rẹ̀ ni n ó fi hàn lọ́la.

Síbẹ̀, ẹ̀dà ìdájọ́ yẹn kì í ṣe òfìfo. Òfin mú un ní dandan kí ọkọ̀ gbogbo ní ìnṣọ́ránsì fún ẹni tí ó bá gbá. Ìdájọ́ náà àti ìwé ìròyìn ọlọ́pàá nípa ìjàǹbá náà ni ó mú lọ bá Legal Aid Council, tí ń fún aláìní ní lọ́yà láìgba owó. Òfin fi gbèdéke sí ìgbà tí a lè béèrè owó ìtọ́jú àti ìpàdánù, kí ẹ má ṣe jókòó tì í.

Ní Ọjọ́rú ni ó wá fi ìwé náà hàn mí. Ojú ewé mẹ́ta ni. Ó ní kí n kà á fún òun ní Yorùbá, mo sì kà á tán. Ó ní kí n padà sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ òun sí, kí n tún un kà.