Ọkọ̀ Àtijọ́: Ká Kùn Ún Tàbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Bí bọ́lẹ̀kájà Bedford bá kàn yín nínú ogún, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ẹ fọ̀ ọ́ ná, kí ẹ wo irin imú rẹ̀. Ọ̀dà tó kàn ṣá kò ṣe é ní nǹkan. Ẹ fi ìda ra á lára. Ṣùgbọ́n ìpáàrà tó ń ṣí bí èèpo kò ní sinmi títí irin yóò fi lu: ẹ ha á kúrò, kí ẹ kun ibẹ̀ nìkan.

Ti ara pákó tí káfíńtà wa kàn ló ṣòro. Mo jẹ́ kí wọ́n kun ti bàbá mi látòkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ayàwòrán fọwọ́ kọ síwájú rẹ̀ bá a lọ. Mo wá ẹlòmíràn tó tún un kọ. Lẹ́tà tirẹ̀ gún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá mi kò dá ọkọ̀ náà mọ̀ mọ́.