Oògùn Ẹ̀jẹ̀ àti Fítámì fún Àwọn Ọmọ Tí Ń Bàlágà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí a máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì fún ọmọ wọn tí ó wà láàárín ọdún 11 sí 15. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ó ní bí a ti í lò ó.

Ọmọbìnrin tí ó ti ń ṣe nǹkan oṣù a máa pàdánù èròjà irin tí ara fi í ṣe ẹ̀jẹ̀. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi là á sílẹ̀ ní ọdún 2016 pé, níbi tí àìlẹ́jẹ̀ bá ti gbilẹ̀, kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa lo ìwọ̀n irin 30 sí 60 mílígíráàmù lóòjọ́, fún oṣù 3 léraléra nínú ọdún. Omi ọsàn a máa ràn án lọ́wọ́ nínú ara; tíì a máa dí i lọ́wọ́. Bí ìgbẹ́ ọmọ bá dúdú, ẹ má ṣe bẹ̀rù.

Àpọ̀jù rẹ̀ ni ó léwu. Fítámì A tí ó bá pọ̀ jù a máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀, a sì máa bà á jẹ́. Ẹ má ṣe lo oríṣi méjì pọ̀ láìka ohun tí a kọ sára ìgò wọn, nítorí èròjà kan náà lè wà nínú méjèèjì. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ lo oògùn irin, àfi bí dókítà bá kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ gbé ìgò náà sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kékeré kò lè tó. Oògùn irin tí ẹ̀gbọ́n ń lò lè pa àbúrò tí ó bá kó o jẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà lọ́wọ́.