Dídá Èèsún Mọ̀ Lójú Oko

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé èèsún nínú ewì àbáláyé, àlàyé tí ó sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ni ‘irú koríko kan’. Àlàyé náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò là á yé ẹnikẹ́ni. Bí akéwì bá fi èèsún ṣe àfiwé ohun tí ó ń gé ènìyàn lọ́wọ́, tàbí ohun tí iná jó tí kò kú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lójú oko kò lè mọ ibi tí àfiwé náà ti wá.

Etí odò, àkùrọ̀ àti ilẹ̀ ọlọ́ràá ni èèsún fẹ́ràn. Ó máa ń hù ní ìdì-ìdì, ó sì lè ga tó mítà 3 sí 4. Ṣùgbọ́n gíga nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ìrèké àti àgbàdo náà ga. (Àlejò ni àwọn méjèèjì: ìrèké wá láti New Guinea, àgbàdo láti Mẹ́síkò, ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni orírun èèsún.)

Ìgbà tí kò tíì yọ òdòdó ni ìṣòro pọ̀ jù, nítorí pé ó jọ ìrèké gidigidi. Kí ènìyàn rọra fa ewé rẹ̀ sẹ́yìn, kí ó wo ibi tí ewé ti yà kúrò lára igi. Irun wẹ́wẹ́ ni yóò rí níbẹ̀, tí ó tò bí irun ìpéǹpéjú. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó wà níbẹ̀ lára ìrèké. Etí ewé èèsún ní eyín bí ayùn. Ẹni tí ó bá fi ìka fà á láti ṣóńṣó wá sí ìdí yóò ṣẹ̀jẹ̀.

Bí ó bá ti yọ òdòdó, àríyànjiyàn parí. Òdòdó ìrèké fẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ti èèsún gùn, ó rí róbótó bí ìrù ológbò tí inú ń bí, nígbà mìíràn ó ní àwọ̀ elése àlùkò. Àwọ̀ yìí ni orúkọ Látíìnì rẹ̀, Cenchrus purpureus, tọ́ka sí. Pennisetum purpureum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é kí ó tó di ọdún 2010.

Ẹ̀rí kan ṣì wà nílẹ̀. Àgbàdo a máa kú lẹ́yìn ìkórè. Bí wọ́n gé èèsún, tàbí bí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó o, ìdí kan náà ni yóò tún rúwé lọ́dọọdún. Kódà igi rẹ̀ tí wọ́n gé jù sórí ilẹ̀ tútù yóò ta gbòǹgbò láti oríkèé.